Bí Kimbok Ṣe Bá Ẹ̀rọ Ìfági Ná Adìyẹ

Bí ẹ bá dé ìlú Lukang lónìí, tí ẹ bèèrè Kimbok káfíńtà, kò sẹ́ni tí yóò kọ́kọ́ sọ fún yín pé ọwọ́ olóògbé náà dán nídìí igi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì tábìlì ìrúbọ tó wà nínú àwọn tẹ́ńpìlì ìlú yẹn ló ti abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jáde. Ohun tí wọn yóò sọ ni pé: "Háà, Kimbok! Ẹni tó bá òkú ná adìyẹ títí òkú fi bú sẹ́rìn-ín!"

Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Bitsu ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ni obìnrin náà sá pamọ́ sí lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, nítorí oṣù keje ni wọ́n wà, oṣù tí wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn ọ̀run sílẹ̀ kí àwọn òkú tí kò lẹ́ni lè jáde wá jẹun. Lóṣù yẹn, ẹnikẹ́ni kì í pe òkú ní òkú, bí èèyàn kì í ti í pe ejò lórúkọ lálẹ́. "Àwọn ẹ̀gbọ́n dáadáa" ni wọ́n ń pè wọ́n, kí wọ́n má baà bínú. Kimbok sì rèé lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ẹ̀rọ ìfági àlòkù kan tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, tùràrí ń rú èéfín níwájú rẹ̀, ó ń bá ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n dáadáa náà ná ọjà. Adìyẹ sísè wà lórí abọ́, abọ́ wà lórí pákó, orí pákó sì wà lẹ́nu ẹ̀rọ, nítorí Kimbok ní ẹnu la fi ń jẹun.

Igi méjì tó tẹ̀ bí oṣù tuntun ni wọ́n fi ń gbọ́ ohùn ọ̀run níbẹ̀. Ojú rẹ̀ tẹ́jú, ẹ̀yìn rẹ̀ yọ ikùn. Wọ́n á jù ú sílẹ̀. Bí ọ̀kan bá dojú bolẹ̀, tí èkejì ṣíjú sókè, bẹ́ẹ̀ ni. Bí méjèèjì bá dojú bolẹ̀, ó ti o. Bí méjèèjì bá ṣíjú sókè, tí wọ́n ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀ lórí ikùn wọn, ẹni ọ̀run ń fi ẹ rẹ́rìn-ín nìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n," Kimbok ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ̀ǹda ẹ̀rọ yìí fún mi. Odindi adìyẹ rèé. Ṣé ẹ gbà?"

Ó ju igi náà. Méjèèjì dojú bolẹ̀.

"Ẹ ò gbà? Ó dáa. Ìdajì adìyẹ."

Tekhui, àbúrò Bitsu, tó ń sá pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ahọ́n mì. "Ẹ̀gbọ́n! Wọn kì í yọ kúrò níbẹ̀! Ẹ máa fi kún un ni!"

"Panu mọ́! Ìwọ tó jẹ́ pé iye tí wọ́n bá pè náà lo máa ń san. Bí ọlọ́jà bá ti mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ọ́, ó parí fún ọ." Ó tún ju igi. Wọ́n dojú bolẹ̀. "Itan kan, ẹ̀gbọ́n. Itan kan ṣoṣo." Wọ́n dojú bolẹ̀. Òógùn ti ń kán tótó nímú ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò mọ ọ̀nà mìíràn. "Ẹyin," ó wí wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹyin kan. Ẹ rò ó dáadáa o. Ẹyin òní ni adìyẹ ọ̀la."

Ó jù ú. Igi méjèèjì ṣíjú sókè, wọ́n ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, wọn ò dúró bọ̀rọ̀.

"Yéè!" Bitsu ké. "Wọ́n ń rẹ́rìn-ín!"

Kimbok dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ìyá Bunsiong, ọ̀rọ̀ ti fẹ́ wọ̀. Ẹni tó bá ti fi iye tí o pè rẹ́rìn-ín, kò ní í pẹ́ gbà. Ẹ dúró dè mí, mo fẹ́ lọ mú ẹyin." Òun fúnra rẹ̀ ló lọ, nítorí kò gbọ́kàn lé ẹnikẹ́ni pé yóò mú èyí tó kéré jù.

Bó ṣe rí nìyẹn. Kò sí ohun tí kì í ná, kò sì sí ohun tó rà tí kì í bèèrè èènì lórí rẹ̀. Gbogbo ayé ló ń gba àlùbọ́sà eléwé lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ ẹlẹ́fọ̀ọ́. Kimbok a gba àlùbọ́sà, a gba ata, a tún ní kí ẹlẹ́fọ̀ọ́ bá òun gbé e délé. Nígbà kan tó mú Bitsu lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín, oníṣègùn yọ eyín kan, Kimbok ní èènì ńkọ́? Oníṣègùn rò pé àwàdà ni, ó ní òun lè bá wọn yọ ìkejì láìgba nǹkan kan. Kí Bitsu tó pajú dé, ọkọ rẹ̀ ti ń yọjú wo ẹnu rẹ̀, ó ń wá èyí tó tóbi jù.

Nígbà tó fẹ́ Bitsu pàápàá, ó bèèrè èènì lọ́wọ́ ìyá ìyàwó. Màmá náà wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ní ó dáa, kó máa mú Tekhui lọ. Láti ọjọ́ náà ni Tekhui ti ń jẹun nílé Kimbok.

Ohun tí ará ìta kò mọ̀, tí Bitsu sì mọ̀, ni pé ojo paraku ni ọkùnrin yìí. Bí ẹ̀rù bá ṣe ń bà á tó ló ṣe ń ná ọjà tó. Ojú òfúrufú ń bà á lẹ́rù, ajá ń bà á lẹ́rù, ẹni tó bá súfèé ní ìrọ̀lẹ́ oṣù keje ti lé e wọ abẹ́ tábìlì nìyẹn. Ohun tó wá bà á lẹ́rù ju gbogbo wọn lọ ni ilé ọmọ rẹ̀. Taipei, olú ìlú wọn, ni Bunsiong ń gbé, lórí àjà kọkànlá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Kimbok dé ibẹ̀. Ó yọjú wo ìsàlẹ̀ láti ojú fèrèsé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ìdí wọ́ padà sáàárín pálọ̀, ibẹ̀ ló sì wà títí ìbẹ̀wò fi parí.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà fi di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Èjìká ọ̀tún Kimbok ti bàjẹ́, kò lè fi ọwọ́ fá igi mọ́. Tẹ́ńpìlì ti ní kó ṣe tábìlì tuntun, pákó káńfọ̀ ti wà lára ògiri, ó ń ta òórùn sánsán, kò sẹ́ni tí yóò fá a. Bunsiong sì ti sọ ọ́ lórí fóònù láìfepo bọyọ̀.

"Bàbá, bí oṣù keje bá fi parí tí iṣẹ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀, mo ń gbé ọkọ̀ bọ̀. Ẹ ó ti ṣọ́ọ̀bù yẹn pa. Ẹ̀yin àti Màmá ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi."

"Àjà kọkànlá?"

"Àjà kọkànlá, Bàbá."

Bitsu kò fẹ́ lọ pẹ̀lú. Níbo ni èèyàn ti fẹ́ sá ẹ̀fọ́ oníyọ̀ lórí àjà kọkànlá? Ta ni yóò sì máa bá a jà láàárọ̀ lórí pé òun ló fọn omi sí ẹnu ọ̀nà ẹlòmíì? Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù lọ́kàn, ọkàn rẹ̀ ò sì balẹ̀.

Inú oṣù keje yẹn kan náà ni Kimbok lọ ra ẹ̀rọ. Kò sí ọmọlúàbí tó ń ra ilé, tó ń ra ọkọ̀ tàbí ẹ̀rọ lóṣù àwọn ẹ̀gbọ́n dáadáa. Torí ìyẹn ni ọjà fi ń wálẹ̀, torí ìyẹn náà sì ni Kimbok fi máa ń dúró dè é. Òun àti Bitsu lọ sí Fengyuan, níbi tí ẹ̀rọ àlòkù ti pọ̀ ju èèyàn lọ. Wọ́n rí ọ̀kan, arúgbó onírin tútù, tó jẹ́ pé orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń fá ojú pákó kó tẹ́jú, inú rẹ̀ ni wọ́n sì ń ti pákó bọ̀ kó lè nípọn dọ́gba. Abẹ gígùn ń yí nínú ikùn rẹ̀. Ọlọ́jà tàn án, ó bú ramúramù, Bitsu di ọkọ rẹ̀ mú, ọkọ rẹ̀ náà sì dì í mú.

"Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ńkọ́?" Bitsu bèèrè.

Ọlọ́jà wo ilẹ̀. "Ó ti lọ," ó ní.

Ojú Kimbok tàn yòò. "Ó ti lọ? Ẹ̀rọ ẹni tó ti lọ, iye yìí náà lẹ pè é? Ẹ wálẹ̀ sí i jàre!" Ọlọ́jà wálẹ̀. Kimbok gba àpò ìṣó kan ní èènì, ó gba kálẹ́ńdà ọdún tó kọjá, ayọ̀ sì kún inú rẹ̀ títí ọkọ̀ ẹrù fi gbéra. Ojú ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ ọlọ́jà ti bẹ̀rẹ̀ sí í rú nínú rẹ̀ bí ìyẹ̀fun tó ń wú.

"Ìyá Bunsiong. Ó ní ó ti lọ."

"Mo gbọ́."

"Lọ sí ibo?"

 Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi dé Lukang, àfi awakọ̀, tó ní òun fẹ́ kí wọ́n fi èènì kún owó òun nítorí irú ẹrù yìí lóṣù yìí. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n bèèrè èènì lọ́wọ́ Kimbok tó fún wọn láìjanpata nìyẹn.

Kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí awakọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà kan. Ìpápánu kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Gbọ́ràn, inú ọ̀rá ló máa ń wà, kò sì sí ẹ̀rọ gidi ní gbogbo ilẹ̀ yẹn tí wọn kì í gbé e lé lórí, kó lè máa gbọ́ràn sí olówó rẹ̀ lẹ́nu. Aláwọ̀ ewé ni o. Pupa ń dá ẹ̀rọ dúró. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i lára kò gbọdọ̀ kọjá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́, èèwọ̀ sì ni kí èèyàn mú un kúrò láìfi òmíràn rọ́pò. Orí ẹ̀rọ ni gbogbo ayé ń gbé e lé. Kimbok ṣí ìdérí irin tó bo abẹ, ó ki tirẹ̀ bọ inú ikùn, ó pa ìdérí dé mọ́ ọn. Ó ní òmùgọ̀ ló ń gbé e lé orí. Ẹni tí ebi ń pa, ṣé orí rẹ̀ la ń gbé oúnjẹ lé?

Wọ́n ki púlọ́ọ̀gì bọ iná. Kimbok tẹ súìsì sókè.

Ẹ̀rọ dákẹ́.

Kì í ṣe ìdákẹ́ ẹ̀rọ tó bàjẹ́ o, èyí tí èèyàn mọ̀. Kò kùn, kò wúkọ́, kò mí. Ìdákẹ́ ẹni tó ń wò ọ́ ni. Irun apá Bitsu dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Kimbok tẹ súìsì sílẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́ sókè, ó bá ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan wà níta, sálúbàtà ẹsẹ̀ kejì ti kù nínú ilé.

Wọ́n pe Tekhui, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àtúnṣe fáànù àti ìkòkò oníná. Ó gbé ṣukúrúdíráfà rẹ̀ wá, èyí tí iná kékeré máa ń tàn nídìí rẹ̀. Ó fi kan ibi tí iná ti ń wá, ó tàn. Ó fi kan ibi tí wáyà ti wọ ẹ̀rọ, ó tàn. Wọ́n wá yọ púlọ́ọ̀gì, Bitsu gbé e mọ́ àyà bí ọmọ ìkókó, ó búra pé bí òun bá ti wà láàyè, kò ní kúrò lọ́wọ́ òun nígbà tí ọwọ́ àbúrò òun bá wà lẹ́nu nǹkan yẹn. Tekhui wo fíúsì, kò jóná. Ó fi ọwọ́ yí bẹ́líìtì, ó yí. Ó wo bọ́tìnnì pupa tí wọ́n fi ń dá a dúró, kò há. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ jáde wéré, ó kà á bóyá ìka pé.

"Ẹ̀gbọ́n, iná dé ẹnu rẹ̀," ó ní. "Ó kàn kọ̀ tí kò gbé e mì ni."

"Kí ló ń dùn ún?"

"Ṣé èmi ni yóò sọ fún yín? Ẹ̀yin lẹ ra nǹkan ẹni tó ti lọ."

Kimbok sáré ra Gbọ́ràn kejì, ó fi tì í. Kò tàn. Ó ra ẹ̀kẹta, ó fi ọwọ́ méjèèjì kì í bọ̀ ọ́, ìdérí ń ké jọ̀ọ́ jọ̀ọ́. Kò tàn. Bunsiong pè láti Taipei.

"Bàbá, ẹ bá mi wo ìdérí òkè yẹn. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń ní..."

"O fẹ́ kí n ki ọwọ́ bọ ọ́ kó gé mi níka! Kí n má lè ṣiṣẹ́ mọ́! Kí o wá gbé mi lọ sókè ọ̀run rẹ yẹn!"

"Bàbá, ìdérí..."

Kimbok ti pa fóònù.

Bí wọ́n ṣe dé ìdí ìdúnàádúrà adìyẹ nìyẹn, oṣù keje sì ti ń lọ sópin. Ohun kan tún wà tí Kimbok ṣe lọ́jọ́ náà. Ó tẹ súìsì sókè, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tekhui ní kí ló dé? Kimbok ní, "Bí mo bá pa á, ibo ni wọ́n fẹ́ gbà tàn án nígbà tí wọ́n bá gbà? Ṣé èèyàn máa ń pe àlejò kó wá ti ilẹ̀kùn ni?"

Wàyí o, Kimbok ti lọ mú ẹyin. Bitsu àti Tekhui wà níwájú ẹ̀rọ, adìyẹ wà lórí pákó, orí pákó wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Ìgbà náà ni nǹkan kan gún Bitsu lọ́kàn. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ọ̀rá Gbọ́ràn àkọ́kọ́ ńkọ́? Ṣé ẹnikẹ́ni wò ó? Kimbok tó jẹ́ pé èyí tó wà nísàlẹ̀ jù nínú àtẹ ló máa ń mú, nítorí owó rẹ̀ máa ń wálẹ̀!

"Tekhui, bá mi mú ọ̀rá tuntun wá láti kíṣìnnì."

"Èmi? Èmi nìkan? Kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ nǹkan yìí?"

"Fi sílẹ̀, òmùgọ̀, ọ̀kan mà ti wà lápò mi. Gbà, dì í mú."

Bitsu nawọ́ sí ẹ̀rọ.  Ó gbé ìdérí, ó fi ìka méjì fa ọ̀rá àkọ́kọ́, ó fa ìkejì, ó fa ẹ̀kẹta, wọ́n ti rún pọ̀ wómúwómú. Ó wo ọjọ́ ara wọn. Ọ̀kan ti kọjá. "Háà," ó ní, "oúnjẹ tó ti bàjẹ́ la fi ń bọ́ wọn." Ó yíjú padà kó gba ọ̀rá tuntun lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, ó sì rí ihò dúdú náà, pẹ̀lú abẹ tó ń kọ mànà díẹ̀ nínú òkùnkùn rẹ̀. Ó dá a lójú pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tó ń wo òun. Ó pariwo, ó sì gbá ìdérí náà pa.

Ẹ̀rọ bú!

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù mì. Eruku tó ti sùn láti ọdún mẹ́wàá dìde. Ẹ̀rọ gbá orí pákó náà mú, ó ń fà á wọlé, abọ́ fò, adìyẹ sísè tó ti kú láti àárọ̀ fò lọ́nà tí kò fò rí láyé rẹ̀, ó ba Tekhui láyà. Tekhui rò pé ẹ̀gbọ́n dáadáa ló fọwọ́ kan òun. Ó gbá adìyẹ mọ́ra, ó dùbúlẹ̀, ó ń tọrọ àforíjì fún àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tí Bitsu kò mọ̀ pé ó dá. Bitsu rọ̀ mọ́ òpó ṣọ́ọ̀bù.

Kimbok wọlé pẹ̀lú ẹyin lọ́wọ́. Ó rí pákó tó ń wọ ikùn ẹ̀rọ láìsí ẹni tó tì í. "Ó gbà á!" ó ké, ó sì sá jáde. Ó sá kọjá ilé ẹlẹ́fọ̀ọ́, ó sá kọjá tẹ́ńpìlì, sálúbàtà ẹsẹ̀ kan. Àwọn tó rí i ní ẹyin náà kò fọ́.

Nígbà tó padà, wọ́n ti rọ́nà pa súìsì. Pákó ti jáde lódì kejì. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wọ́ ọ lórí, láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ó dán bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun, ó nípọn dọ́gba, òórùn káńfọ̀ sì gba gbogbo ilé. Ojú rẹ̀ kún fún omi. Ó wo adìyẹ tó wà láyà Tekhui.

"Ìyá Bunsiong, o rí i? Wọn ò mú adìyẹ, wọn ò mú ẹyin. Èérún ojú pákó nìkan ni wọ́n gbà. Bí mo bá ti tẹ̀lé ti àbúrò rẹ ni, ẹlẹ́dẹ̀ la ó máa wá báyìí."

Bunsiong kò gbé ọkọ̀ wá. Tábìlì tẹ́ńpìlì parí. Kimbok rọ́ ìtàn náà fún ẹni tó bá dúró àti ẹni tí kò dúró. Ìtàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn ni ọ̀sán kan wá dé nínú oṣù kẹjọ, tí arúgbó kan tó gbẹ kanrangandan dúró lẹ́nu ọ̀nà, fìlà funfun lórí.

"Ẹ ǹlẹ́ o. Lua ni wọ́n ń pè mí. Mo wá wo ẹ̀rọ mi."

Kimbok di ìfági ọlọ́wọ́ mú bí ìbọn. "Ilẹ̀kùn ọ̀run ti tì! Oṣù ti parí! Ẹ̀gbọ́n, àwa méjèèjì ti jọ ná an, ẹ sì ti gbà!"

"Kí ni mo gbà?"

Tekhui ti wà lábẹ́ tábìlì. Bitsu wo ẹsẹ̀ arúgbó náà. Ó tẹlẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní òjìji. Sálúbàtà rẹ̀ sì ti jẹ lápá kan, Bitsu kò sì gbọ́ rí pé ẹni ọ̀run ń wọ sálúbàtà jíjẹ.

"Bàbá," ó ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "wọ́n ní ẹ ti lọ."

"Mo lọ mà! Ọ̀dọ̀ ọmọ mi obìnrin ní Tainan ni mo lọ. Àárò ẹ̀rọ mi ló sọ mí."

 Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó ti ẹnu Kimbok jáde ni pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà Fengyuan gbọ́ pé ẹ ṣì wà láyé o. Ikú yín ni mo fi ná an."

Wọ́n se odindi adìyẹ fún Bàbá Lua, Kimbok kúkú jẹ ẹ́ ní gbèsè. Kó tó lọ, ó fọwọ́ pa ẹ̀rọ lára bí ẹni ń kí ẹṣin. "Ìdérí yìí," ó ní, "ẹ máa tẹ̀ ẹ́ dáadáa kí ẹ tó tàn án o. Súìsì kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀. Bí nǹkan kan bá há sí i tí kò padé, bí ẹ gbé màlúù wá, kò ní í dáhùn."

 Tekhui wo àjà. Bitsu wo ọ̀rá Gbọ́ràn mẹ́ta tó ti rún pọ̀, tó ṣì wà ní kọ̀rọ̀. Kimbok wo egungun adìyẹ.

"Ẹ jẹ́ ká bu ọbẹ̀ kún un fún yín, ẹ̀gbọ́n," ó ní.

Ẹnikẹ́ni kò tún fẹnu kan ìdérí nínú ilé náà. Ìtàn bó ṣe wà náà ló wà, àfi pé òkú tó wà nínú rẹ̀ ń wá jẹun lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, kí Kimbok tó tan ẹ̀rọ, Bitsu máa ń rí i tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìdérí náà, tẹ́, tẹ́, láìwo ojú ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò tẹ súìsì, tí yóò sá dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan níta, sálúbàtà kan nínú ilé, títí ìró ẹ̀rọ yóò fi balẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni ẹ̀rọ yẹn fi bà á lẹ́rù, gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ náà ló sì padà wọlé lọ bá a.

Nígbà tí àìsàn dé, dókítà ní kò lè rí ọdún tuntun. Kimbok ní kó gbé e sókè díẹ̀. Dókítà ní òun kọ́ lòún ni ọjà náà. Kimbok ní, "Ta wá ni ọ̀gá yín?" Ó rí ọdún tuntun náà, ó sì tún rí òmíràn lé e. Èyí ìkẹyìn yẹn ló ń pè ní èènì.

Lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ló ti sùn lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Àwọn ará àdúgbò ń wọlé, wọ́n ń di Bitsu lọ́wọ́ mú, wọ́n ń sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́: "Ó ti lọ." Bitsu ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ń bèèrè lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: lọ sí ibo?

Nígbà tó pé ọdún, Bunsiong wá láti Taipei. Wọ́n gbé oúnjẹ síwájú àwòrán Kimbok, adìyẹ, ẹja, ìrẹsì, wọ́n tan tùràrí. Wọn kì í palẹ̀ mọ́ láìbi olóògbé bóyá ó ti jẹun tán. Bunsiong ju igi tí bàbá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́. Ó ti. Wọ́n dúró, ó tún jù ú. Ó ti. Ikùn Tekhui ń dún bí bẹ́líìtì tó fẹ́ já. Bunsiong jù ú lẹ́ẹ̀kẹta, igi méjèèjì ṣíjú sókè, wọ́n ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀.

"Wọ́n ń ná wa," Tekhui ní.

Bunsiong yíjú sí ìyá rẹ̀. "Màmá, àbí inú ń bí Bàbá? Torí mo ní ká ta ẹ̀rọ yẹn, kí ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi?"

Bitsu kò tíì fún un lésì ọ̀rọ̀ yẹn láti àná. Ẹ̀rù ń bà á láti sọ pé rárá fún ọmọ tó dáa. Ó dìde, ó wọ kíṣìnnì, ó mú ọ̀rá Gbọ́ràn kan jáde, aláwọ̀ ewé. Ó wo ọjọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ adìyẹ, ó gba igi lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

"Bàbá Bunsiong, èènì yín rèé. Ṣé ẹ ti yó?"

Ọ̀kan dojú bolẹ̀, ọ̀kan ṣíjú sókè.

Tekhui ti ki ìrẹsì sẹ́nu kí igi tó dúró. Bunsiong rẹ́rìn-ín, ó sunkún díẹ̀, ó tún rẹ́rìn-ín. Bitsu sì rìn lọ síwájú ẹ̀rọ tí kò dún láti ọdún kan. "Tekhui," ó ní, "ìwọ tó jẹ́ èènì, wá ki púlọ́ọ̀gì yìí bọ iná. Pákó káńfọ̀ kan ṣì wà lára ògiri."

"Ta ni yóò tàn án?"

"Èmi ni."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìdérí, tẹ́, tẹ́. Ó tẹ súìsì sókè. Ẹ̀rọ bú ramúramù, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fọ́n ká lọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n rọ́ mọ́ ara wọn níbẹ̀ títí ìró náà fi balẹ̀, tí òórùn igi sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde wá bá wọn. Bitsu wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Sálúbàtà kan ló wà níbẹ̀. Ìkejì ti kù nínú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, níbi tí ti Kimbok máa ń wà.